Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dájọ́ ní Yàrá Àyẹ̀wò

Nínú àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n ń kó wá fún mi láti yẹ̀ wò, gbólóhùn kan wà tí mi ò lè fojú fò mọ́: "kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì yìí wọ àárín bésì DNA." Wọ́n á kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i. Tí mo bá wá wo ẹ̀rí tí wọ́n gbé e lé, àwòrán kan ṣoṣo ni: ìlà UV, ìyẹn iye ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì ń gbé mì, tó ń wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi DNA kún omi, àti nọ́ńbà kan tí wọ́n pè ní Kb lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí. Ìlà tó wálẹ̀ ń sọ fún wa pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì náà, ìyẹn mẹ́táàlì tí àwọn mólékù mìíràn so mọ́, àti DNA. Kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi cisplatin ṣàlàyé. Michele Peyrone, ará Ítálì, ló kọ́kọ́ ṣe é, ní àárín ọdún 1840 sí 1850, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé oògùn ni. Ní 1965, Barnett Rosenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan State University, Amẹ́ríkà, tẹ ohun tí ojú wọn rí jáde. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí iná mànàmáná ń ṣe sí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì, wọ́n wá ki plátínọ́ọ̀mù bọ inú omi tí bakitéríà E. coli wà. Plátínọ́ọ̀mù ni wọ́n yàn nítorí pé gbogbo ènìyàn gbà pé kì í bá nǹkan dà pọ̀. Bakitéríà náà kò pín mọ́. Gígùn ni wọ́n kàn ń gùn, àwọn mìíràn sì gùn tó ìlọ́po 300 bó ṣe yẹ kí wọ́n gùn mọ. Kì í ṣe iná ló ṣe é. Díẹ̀ nínú plátínọ́ọ̀mù ti yọ́ sínú omi, ó bá ammonia àti chloride tó wà níbẹ̀ pọ̀, ó di kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì. Ní 1969 wọ́n kéde pé irú kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ ń pa kókó jẹjẹrẹ lára eku, ní 1978 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i kí wọ́n máa fún aláìsàn. Lónìí ó wà lára àwọn oògùn tí àjọ WHO kà sí kòṣeémánìí, òun ni wọ́n sì ń fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, pẹ̀lú ìtọ́jú onítànṣán, títí dé ilé ìwòsàn tiwa níbí.

A ti mọ ohun tí cisplatin ń ṣe dáadáa. Átọ́ọ̀mù plátínọ́ọ̀mù kan ló wà láàárín, ammonia méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, chloride méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Chloride pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó tó nǹkan bí 100 millimolar, nítorí náà chloride ara oògùn náà kì í tètè kúrò níbẹ̀. Tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí chloride ti kéré gan-an, omi á gba ipò chloride, plátínọ́ọ̀mù á sì wà ní sẹpẹ́ láti dì mọ́ ohun mìíràn. Guanine, ọ̀kan nínú àwọn bésì DNA, ló sábà máa ń bá pàdé, pàápàá nitrogen tí à ń pè ní N7. Ó máa ń di guanine méjì tó tẹ̀lé ara wọn lórí okùn kan náà mú, DNA á sì tẹ̀ níbẹ̀. Ní 1995, ẹgbẹ́ Stephen Lippard ní MIT fi X-ray wo kírísítà DNA kúkúrú kan tí cisplatin ti dì mọ́, wọ́n sì rí títẹ̀ yẹn kedere. Ẹ wá wo transplatin. Átọ́ọ̀mù kan náà ni, iye kan náà ni, àfi pé chloride méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Kò lè di guanine méjì tó sún mọ́ra bẹ́ẹ̀ mú, kò sì wúlò fún jẹjẹrẹ. Ibi tí nǹkan jókòó sí lára DNA àti bó ṣe jókòó ló sọ ọ̀kan di oògùn tí èkejì fi já sí asán. Ẹni tó bá ṣe kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì tuntun lónìí, tó ń retí kó di oògùn, gbọ́dọ̀ mọ ibi tí tirẹ̀ jókòó sí.

Gbogbo mẹ́táàlì kọ́ ló ń dì mọ́ DNA bí cisplatin. Ẹ̀yìn DNA kún fún phosphate tó ní àmì òdì, mẹ́táàlì sì sábà máa ń ní àmì rere, nítorí náà àwọn kan kàn ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lóréfèé ni. Tí a bá fi iyọ̀ kún omi, wọ́n á tú. Àwọn mìíràn máa ń sùn sínú poro tó wà láàárín okùn méjèèjì, yálà poro ńlá tàbí poro kékeré. Àwọn tí lígáǹdì wọn, ìyẹn mólékù tó so mọ́ mẹ́táàlì, fẹ̀ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lè gba àárín bésì kan sí èkejì wọlé. Leonard Lerman ló dábàá èyí ní 1961, fún àwọn aró acridine tí kò ní mẹ́táàlì kankan nínú. Bésì DNA tò léra wọn, nǹkan bí 3.4 angstrom ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó bá ti ki pépà sáàárín àwọn ojú ewé ìwé rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ìwé náà á ga sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni DNA ṣe máa ń gùn sí i, nítorí pé bésì ní láti yẹra fún ohun tó wọlé, wọ́n á sì tú lílọ́ wọn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ pé DNA ń gùn sí i yìí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá àyẹ̀wò. DNA tí púpọ̀ nínú wa ń lò, inú thymus ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Funfun ni, ó rí fọ́nrán-fọ́nrán, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tí a fi bù ú. Oníkánjú kò lè bá a ṣe. A óò fi sínú bọ́fà, bíi Tris 5 millimolar pẹ̀lú iyọ̀ 50 millimolar tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.2, a óò gbé e sínú fíríìjì títí ilẹ̀ á fi mọ́, a óò máa yí ìgò náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì ti já a sí wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ kejì a óò wò ó ní 260 àti 280 nánómítà. Tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìlọ́po 1.8 sí 1.9 ti èkejì, ọkàn wa balẹ̀ pé purotéènì kò bá a wá. A óò fi 6600 pín ohun tí a rí ní 260, ìyẹn ló máa sọ iye DNA tó wà nínú omi, ní kíka bésì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń tẹnu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan yìí nítorí mo ti ka ìwé tí wọ́n ti lo 6600 tán tí wọ́n wá ń pè é ní iye bésì méjì-méjì. Wọ́n ti sọ DNA wọn di ìlọ́po méjì láìmọ̀, gbogbo ìṣirò tó tẹ̀lé e sì ti wọ́.

Lẹ́yìn èyí la óò bu kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì sínú kuvẹ́ẹ̀tì quartz, torí pé gíláàsì lásán máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ ultraviolet mì. A óò máa fi DNA kún un díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú pìpẹ́ẹ̀tì. Iye kan náà la óò máa fi sínú kuvẹ́ẹ̀tì kejì tí kò ní kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì, kí ìmọ́lẹ̀ tí DNA fúnra rẹ̀ ń gbé mì lè kúrò nínú ìṣirò. A óò pò ó, a óò dúró díẹ̀ kí wọ́n bára wọn mu, ká tó wò ó. Títí di òní, inú mi ṣì máa ń dùn nígbà tí ṣóńṣó ìlà náà bá kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀, tó sún díẹ̀ sí apá ìgbì gígùn, tí gbogbo ìlà sì ń gba ojú kan ṣoṣo kọjá ara wọn. Bí ojú yẹn kò bá yẹ̀, ó jọ pé ipò méjì péré ni kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì wà nínú omi náà: ó dá wà, tàbí ó ti dì mọ́ DNA.

Kí ló mú ṣóńṣó náà wálẹ̀? Elẹ́kítírọ́ọ̀nù ara lígáǹdì ti sún mọ́ ti bésì tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan ń yí ìwà èkejì padà. Ìsúnmọ́ra yẹn máa ń wáyé nígbà tí lígáǹdì bá wọ àárín bésì. Ó sì máa ń wáyé nígbà tó bá sùn sí poro. Ó tún lè wáyé nígbà tí àwọn kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì bá ń to ara wọn jọ lórí ẹ̀yìn DNA. Kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì tí kò yọ́ dáadáa, tó ti ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kuvẹ́ẹ̀tì, òun náà á mú ṣóńṣó wálẹ̀, nítorí pé ó ti kúrò lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà, lókè 600 nánómítà fún ọ̀pọ̀ nínú tiwa. Bí ìlà bá ń gbéra sókè níbẹ̀, omi náà ti dòrò, kí wọ́n dà á nù.

Ní ti Kb, ìdọ́gba tí Wolfe, Shimer àti Meehan lò ní 1987 ni púpọ̀ nínú wa ń lò. Agbára tí wọ́n fi di ara wọn mú ló ń sọ. Ẹnì kan á wá kọ ọ́ pé ó tó 10⁵, nítorí náà àárín bésì ló wọ̀. Báwo ni ìyẹn ṣe lè jẹ́? Hoechst 33258, tí kò ní mẹ́táàlì kankan, poro kékeré ló ń sùn sí, ó sì di DNA mú gírígírí ju ethidium bromide lọ, bẹ́ẹ̀ ethidium yìí ni gbogbo wa fi ń ṣe àpẹẹrẹ ohun tó ń wọ àárín.

Àwọn kan á ní àwọn ti fi ethidium náà ṣe ẹ̀rí kejì. Ethidium kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn nínú omi, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ inú DNA á tàn yòò lápá 600 nánómítà. Bí a bá wá fi kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì kún un tí ìtànná náà rẹlẹ̀, wọ́n á ní kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì ti lé ethidium jáde, ó sì ti gba ipò rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé bàbà, bí òun bá ni mẹ́táàlì inú kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì náà, ló pa ìtànná ethidium láì lé e kúrò níbi kankan, nítorí bàbà ní agbára yẹn. Ó tún lè jẹ́ pé kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń tan ethidium mì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìtànná ló rẹlẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó fà á ló yàtọ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí mi ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kọjá lọ́dọ̀ mi láì gbọ́. Ti ruthenium tí lígáǹdì phenanthroline mẹ́ta yí ká ni, èyí tí à ń kọ ní [Ru(phen)₃]²⁺. Oríṣi méjì ló wà, Delta àti Lambda, ọ̀kan ni àwòrán èkejì nínú jígí. Ní 1984, Jacqueline Barton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n wà ní Columbia ní New York nígbà náà, kọ ọ́ pé phenanthroline kan lára rẹ̀ ń wọ àárín bésì, pé Delta ló sì bá DNA tó ń lọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mu jù. Ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn: ṣóńṣó wálẹ̀, ìtànná yí padà, Delta àti Lambda sì hùwà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀lé e. Ní 1992 ni Satyanarayana, Dabrowiak àti Chaires wá béèrè ohun mìíràn: ṣé DNA náà gùn? Wọ́n wọn bí omi DNA ṣe ki tó nígbà tí Delta wà nínú rẹ̀, àti nígbà tí Lambda wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó mú un gùn nínú méjèèjì. Wọ́n kọ ọ́ láìfi bò pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wọ àárín bésì bí ethidium ṣe ń wọ̀ ọ́. Àríyànjiyàn náà kò tán lọ́jọ́ yẹn, ó sì ṣe ìmọ̀ wa láǹfààní púpọ̀. Bí ẹ̀rí ìmọ́lẹ̀ bá lè fa àríyànjiyàn tó bẹ́ẹ̀ láàárín irú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbọ́ ẹnu UV nìkan tó sì dájọ́, àgbà òṣìkà là ń pe irú rẹ̀ nílé wa.

Ohun èlò tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà ló wú mi lórí jù. Gíláàsì kan tó ní ihò tóóró nínú ni, omi DNA á máa gba inú rẹ̀ ṣàn wálẹ̀, a óò sì fi aago ka iye àkókò tó gbà. DNA tó gùn máa ń ṣàn pẹ́. Kò sí lésà níbẹ̀, kò sí kọ̀ńpútà. Ẹ̀rọ circular dichroism, tí à ń fi ìmọ́lẹ̀ wo bí DNA ṣe lọ́, wọ́n gógó ní tirẹ̀, ó sì nílò nitrogen tó ń ṣàn nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ozone má baà ba dígí inú rẹ̀ jẹ́. Púpọ̀ nínú àwa tí a wà ní Nàìjíríà máa ń kó iṣẹ́ wa ránṣẹ́ sí òkè òkun ká tó rí irú rẹ̀ lò, àwọn ọmọ á sì máa retí èsì kí wọ́n tó parí ìwé wọn. Gíláàsì tóóró yìí, kò sí ẹ̀ka kẹ́místrì tí kò lè rà á. Ohun kan péré ló le nínú rẹ̀: ìgbóná omi kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Omi lásán máa ń yí bó ṣe ki padà ní nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún díígírì kan ṣoṣo, ìyẹn sì tó láti bo ohun tí à ń wá mọ́lẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ láàárín iṣẹ́, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí náà a so agbada omi tí a ki gíláàsì náà bọ̀ mọ́ inverter kí a tó so ohunkóhun mìíràn mọ́ ọn. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́ tí mo bá rí ẹ̀ka tó ní UV olówó ńlá tí kò sì ní gíláàsì yìí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ́lẹ̀ o. Ní 1990, Barton kan náà, pẹ̀lú Friedman, Chambron, Sauvage àti Turro, fi ohun àrà kan han ayé: ruthenium tí wọ́n so dppz mọ́, lígáǹdì gígùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú omi, ó ṣókùnkùn. Bí wọ́n ṣe fi DNA sí i báyìí, ó tàn. Omi máa ń fọwọ́ kan nitrogen tó wà lára dppz, á sì gba agbára ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí dppz bá ti wọ àárín bésì, omi kò rí nitrogen yẹn fọwọ́ kàn mọ́. Níbí, a mọ ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi dé, ìdí náà sì so mọ́ ibi tí lígáǹdì wà, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rí náà wúwo.

Ọ̀rọ̀ omi tí a fi ń yọ́ nǹkan náà ń fẹ́ àkíyèsí ju bí a ṣe ń fún un lọ. Kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì wa kì í sábà yọ́ nínú omi lásán, nítorí náà DMSO ni ọwọ́ ń yá sí. DMSO máa ń di plátínọ́ọ̀mù mú, á sì lé chloride kúrò lára cisplatin. Ẹni tó bá fi DMSO yọ́ cisplatin, ohun mìíràn ló ń dán wò. Tris tó wà nínú bọ́fà náà lè dì mọ́ bàbà. Kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí a sì ṣe àyẹ̀wò kan náà nínú phosphate.

Bàbà ni iṣẹ́ tiwa dá lé lórí báyìí. Kò wọ́n, ara ènìyàn mọ̀ ọ́n, ó sì ní ìtàn pẹ̀lú DNA: ní 1979 ni David Sigman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles fi hàn pé bàbà tí a so mọ́ phenanthroline lè gé DNA, bí ohun tó ń fún un ní elẹ́kítírọ́ọ̀nù bá wà nítòsí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ṣe irú rẹ̀ kan tó ní phenanthroline kan àti lígáǹdì Schiff base kan. UV rẹ̀ dára lójú: ṣóńṣó wálẹ̀, ó sún nánómítà bíi méjì. Ethidium rẹlẹ̀. Ó ti ń múra láti kọ "àárín bésì" sínú ìwé rẹ̀ nígbà tí gíláàsì tóóró dáhùn: àkókò ìṣàn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó kọ poro, ó sì kọ ìdí tó fi kọ poro. Mo ka orí yẹn pẹ̀lú ìdùnnú.

Ṣùgbọ́n DNA inú kuvẹ́ẹ̀tì dá wà ní ìhòòhò, ti inú sẹ́ẹ̀lì sì wé mọ́ purotéènì. Glutathione tún kún inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì fẹ́ràn mẹ́táàlì. Pẹ̀lú gbogbo agbára cisplatin, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún plátínọ́ọ̀mù tó wọ sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ DNA. Nítorí náà a ti ń da glutathione sínú kuvẹ́ẹ̀tì kí DNA tó dé. Àwọ̀ kọ̀ńpílẹ́ẹ̀sì bàbà náà yí padà lójú wa, ìlà tuntun sì yọ lẹ́bàá 435 nánómítà, níbi tí bàbà oníphenanthroline tó ti gba elẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ohun tó ń bá DNA pàdé kì í ṣe ohun tí a bù láti inú ìgò mọ́. Òun gan-an, a fẹ́ mọ ibi tó ń jókòó sí, láti orí UV títí dé orí gíláàsì tóóró.